Ta ni ó yẹ kí ẹja halibut dín kù lọ́wọ́ rẹ̀?

Ìbéèrè: Anchorage ní Alaska ni mo ń gbé, mo sì máa ń bá ọkọ̀ ojú omi háyà, tí ọ̀gá rẹ̀ ń gbowó láti gbé oníbàárà lọ pẹja, lọ pa ẹja halibut ní èbúté Homer nígbà ooru. Ọ̀gá ọkọ̀ sọ fún wa pé ẹja kejì tí ẹnikẹ́ni bá mú kò gbọdọ̀ gùn ju ínǹṣì 28 lọ, àti pé a kò lè jáde rárá ní Ọjọ́rú. Aládùúgbò mi tí ó ní ọkọ̀ tirẹ̀ a máa kó ẹja ńlá méjì wálé lọ́jọ́ tó bá wù ú. Inú omi kan náà ni gbogbo wa ti ń pa á, irú ìwé àṣẹ kan náà ni a sì jọ rà. Ṣé ẹ̀tọ́ nìyẹn? Báwo ni ó sì ṣe yẹ kí wọ́n fi gbèdéke lé e tí kò fi ní rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé. Òfin tí ọ̀gá ọkọ̀ kà fún yín kì í ṣe àsọdùn. Ní ọdún 2018, fún àpẹẹrẹ, ẹni tí ó bá ọkọ̀ háyà jáde ní agbègbè Homer lè mú ẹja méjì lójúmọ́, ọ̀kan nínú wọn kò sì gbọdọ̀ ju ínǹṣì 28 lọ. Kò gbọdọ̀ kọjá ẹja mẹ́rin láàárín ọdún. Ọkọ̀ kan kò gbọdọ̀ gbé oníbàárà jáde ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lójúmọ́. Wọ́n sì ti omi pa fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Ọjọ́rú àti ní àwọn ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan. Ẹni tí ó fi ọkọ̀ ara rẹ̀ jáde lọ́dún náà lè mú méjì lójúmọ́, bí ó ti wù kí wọ́n tóbi tó, láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejì títí dé òpin oṣù Kejìlá. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe èèṣì. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà pín ẹja náà ni ó bí i, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí a ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó bá ń ka ẹja inú àpò ẹnì kọ̀ọ̀kan nìkan kò ní rí ibi tí ìrẹ́jẹ wà gan-an. Lójú tèmi, gbèdéke tí ó tọ́ ni èyí tí ó ka ẹja gbogbo ẹni tí ń pa á, tí ó sì ń mú kí ti gbogbo wọn jọ dín kù nígbà tí ẹja bá dín kù nínú òkun. Alaska ti ṣe ìdajì iṣẹ́ yìí dáadáa, ó sì fi ìdajì kejì sílẹ̀.

Àjọ tí ń pinnu iye ẹja tí a lè pa ni International Pacific Halibut Commission, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Seattle. Àdéhùn tí Amẹ́ríkà àti Kánádà ṣe ní ọdún 1923 ni ó bí i, àdéhùn yẹn sì ni àkọ́kọ́ tí Kánádà fọwọ́ sí fúnra rẹ̀ láìsí pé aṣojú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá a fọwọ́ sí i. Kọmíṣọ́nnà mẹ́fà ni wọ́n, mẹ́ta láti orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan. Lọ́dọọdún, àjọ náà máa ń háyà ọkọ̀ tí yóò lọ ju okùn ìwọ̀ sí àwọn ojú ibi tí wọ́n ti yàn kalẹ̀ káàkiri òkun, kí wọ́n lè fi ohun tí wọ́n bá rí wé ti ọdún tó kọjá. Lára ìyẹn ni wọ́n ti ń ṣírò bí àwọn abo tí ó ti tó yé ẹyin ṣe pọ̀ tó. Bí ìwọ̀n àwọn abo wọ̀nyí bá já sí ìsàlẹ̀ ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí ìbá wà ká ní ẹnikẹ́ni kò pa á rí, ìlànà àjọ náà ni pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dín ẹja pípa kù kíákíá. Bí ó bá já dé ìdá ogún, kí àwọn tí ń dìídì wá a dúró. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó: ẹja tí abo rẹ̀ ń tó nǹkan bí ọdún méjìlá kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í yé ẹyin kì í ṣe èyí tí a lè pa tán lọ́dún yìí kí a sì retí rẹ̀ padà lọ́dún tó ń bọ̀.

Ó yẹ kí ẹ mọ nǹkan díẹ̀ sí i nípa ẹja náà fúnra rẹ̀, torí pé ara rẹ̀ ni gbogbo gbèdéke ti jáde. Halibut jẹ́ ẹja pẹlẹbẹ tí ń fi ẹ̀gbẹ́ kan sùn sórí ilẹ̀ òkun. Nígbà tí ó wà ní ọmọ wẹ́wẹ́, ojú rẹ̀ òsì máa ń ṣí kúrò ní ipò rẹ̀ lọ bá ti ọ̀tún. Ó lè lo ọdún márùndínlọ́gọ́ta láyé. Akọ kì í sábà tóbi: ó ṣọ̀wọ́n kí akọ kan ju ọgọ́rùn-ún pọ́ùn lọ, nítorí náà ẹja ràgàjì tí ẹ bá rí tí wọ́n so kọ́ ní èbúté Homer fún fọ́tò, abo ni. Àyẹ̀wò tí wọ́n ń ṣe lára ẹja tí àwọn oníṣòwò kó wá sí èbúté fi hàn ní ọdún 2017 pé ó tó mẹ́rin nínú márùn-ún tí ó jẹ́ abo. Ohun mìíràn tún wà: láti nǹkan bí ọdún 1980 síwájú, halibut tí ọjọ́ orí wọn dọ́gba ti ń kéré sí i gidigidi, tí ó fi jẹ́ pé ẹja ọlọ́dún mẹ́rìnlá lóde òní kò tó ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ìgbà náà rárá. Fún ìdí èyí, iye orí ẹja nìkan kò lè sọ fún wa ohun tí a ń kó kúrò nínú òkun. Ìwọ̀n rẹ̀ ni ó ṣe pàtàkì, pẹ̀lú irú ẹja tí ó jẹ́.

Nígbà tí bàbá olóbìnrin púpọ̀ bá kú nílẹ̀ wa, ọ̀nà méjì ni ẹbí máa ń gbà pín ogún: ìdí-igi, tí ojúlé ìyá kọ̀ọ̀kan fi ń gba ipa tirẹ̀ kí àwọn ọmọ ìyá náà tó pín in láàárín ara wọn, àti orí-ò-jorí, tí ọmọ kọ̀ọ̀kan fi ń gba iye kan náà. Ìdí-igi ni Alaska fi ń pín halibut. Ojúlé àkọ́kọ́ ni àwọn ọkọ̀ tí ń wọ́ àwọ̀n nílẹ̀ òkun, tí wọ́n ń wá ẹja mìíràn tí halibut sì ń bá wọn wọlé. Èkejì ni àwọn ará abúlé àti àwọn ọmọ ẹ̀yà onílẹ̀ Alaska tí ń pa á fún jíjẹ. Ẹ̀kẹta ni ẹni tó ń fi ọkọ̀ ara rẹ̀ pa á fún afẹ́, bí aládùúgbò yín. Ẹ̀kẹrin ni ẹ̀yin oníbàárà ọkọ̀ háyà. Ẹ̀karùn-ún ni àwọn apẹja oníṣòwò tí ń fi okùn gígùn tí ó ní ìwọ̀ púpọ̀ pa á fún ọjà. Ẹ wá kíyè sí ètò pípín náà. Nígbà tí àjọ bá ti sọ iye pọ́ùn tí ó lè jáde láti agbègbè kan, wọ́n á kọ́kọ́ yọ ohun tí wọ́n gbà pé ojúlé mẹ́ta àkọ́kọ́ yóò kó. Ìyókù ni ojúlé kẹrin àti ìkarùn-ún yóò pín. Ibí yìí gan-an ni ìdáhùn sí ìbéèrè yín wà: ẹ̀yin àti àwọn oníṣòwò jọ ń pín ohun tó ṣẹ́kù, aládùúgbò yín sì ti gba tirẹ̀ kí ìpín tó bẹ̀rẹ̀.

Kí a tó dá ètò yìí lẹ́bi tán, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó wà kí ó tó dé. Ṣáájú ọdún 1995, eré ìje ni pípa halibut fún ọjà ní Alaska. Wọ́n á ṣí omi fún wákàtí mẹ́rìnlélógún péré ní àwọn agbègbè kan, gbogbo ọkọ̀ á ya jáde yálà ìjì ń jà tàbí kò jà, ènìyàn ń kú, ẹja ń bàjẹ́ nítorí pé gbogbo rẹ̀ wọ ọjà lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ọdún 1995 ni wọ́n fún oníṣòwò kọ̀ọ̀kan ní ìpín tirẹ̀, kí ó lè pa á nígbà tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Àwọn ọkọ̀ háyà kò sí nínú ètò yẹn. Lẹ́yìn náà, ní ọdún 2003, wọ́n fún wọn ní iye atọ́nà kan: 1,432,000 pọ́ùn fún gúúsù ìlà-oòrùn Alaska, níbi tí Juneau, Sitka àti Ketchikan wà, àti 3,650,000 pọ́ùn fún agbègbè ti Homer, Seward àti Kodiak. Ṣùgbọ́n iye yẹn kò ní eyín. Láti ọdún 2004 títí dé 2010, ọdọọdún ni àwọn ọkọ̀ háyà gúúsù ìlà-oòrùn ń kọjá tiwọn, kódà nígbà tí wọ́n ti dín in kù sí 931,000 ní ọdún 2008 àti 788,000 ní ọdún 2009. Gbogbo pọ́ùn tí wọ́n fi kọjá, ara ìpín oníṣòwò ni ó ti ń jáde, bẹ́ẹ̀ àwọn kan sì ti yáwó ní báńkì láti ra ìpín ọ̀hún. Kò sí bí a ṣe lè pe ìyẹn ní ẹ̀tọ́, bí àwa tí a fẹ́ràn fífi ìwọ̀ dẹja ti lè fẹ́ kí ó rí.

Ètò tí ó dé ní ọdún 2014 ni ó tún un ṣe. Àròpọ̀ kan ni wọ́n ń fún oníṣòwò àti ọkọ̀ háyà lágbègbè kọ̀ọ̀kan báyìí, wọ́n sì ń pín in ní ìdá ọgọ́rùn-ún. Ní gúúsù ìlà-oòrùn, bí àròpọ̀ bá kéré ju mílíọ̀nù márùn-ún pọ́ùn lọ, ìdá 18.3 ni ti ọkọ̀ háyà. Bí ó bá pọ̀ dáadáa, ìdá náà á sọ̀ kalẹ̀ sí 15.9. Lápá tiyín, ìdá 18.9 ni nígbà tí àròpọ̀ bá kéré ju mílíọ̀nù mẹ́wàá lọ, á sì sọ̀ kalẹ̀ sí 17.5, títí dé 14 bí ẹja bá pọ̀ gan-an. Mo gbóríyìn fún ohun tí ó wà nínú ìṣirò yìí. Ìdá ọkọ̀ háyà tóbi jù lọ nígbà tí ẹja bá wọ́n, nítorí pé oníbàárà tí a bá sọ fún pé ìdajì ẹja ni yóò mú kò ní wá mọ́, nígbà tí oníṣòwò lè rí owó tí ó lé díẹ̀ lórí pọ́ùn kọ̀ọ̀kan tí ọjà bá wọ́n. Síbẹ̀ ojúlé méjèèjì jọ ń gòkè, wọ́n sì jọ ń sọ̀ kalẹ̀ ni. Ohun tí mo ń pè ní gbèdéke tó tọ́ nìyẹn, láàárín àwọn méjì yìí.

Ìbéèrè tó kàn ni bí a ó ṣe mú kí ẹgbẹẹgbẹ̀rún oníbàárà dúró sínú ìpín náà. Ibí ni ínǹṣì 28 yín ti wọlé, mo sì fẹ́ fara balẹ̀ níbẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìyà lásán ni wọ́n fi ń jẹ wọ́n. Ìwọ̀n halibut kì í bá gígùn rẹ̀ lọ ní ẹsẹ̀ kan náà. Odindi ẹja tí ó gùn ní ínǹṣì 28 wọn nǹkan bí pọ́ùn mẹ́sàn-án. Èyí tí ó gùn ní ínǹṣì 40 tó pọ́ùn mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Èyí tí ó gùn ní ínǹṣì 80, tí gígùn rẹ̀ kàn jẹ́ ìlọ́po méjì, wọn nǹkan bí pọ́ùn 277, ó lé ní ìlọ́po mẹ́sàn-án. Nítorí náà, bí wọ́n bá fi ínǹṣì 28 dé ẹja kejì, ẹ ṣì ń mú ẹja méjì relé, ọjọ́ yín kò sì dà bí òfo, ṣùgbọ́n ìwọ̀n ohun tí ẹ kó jáde fi díẹ̀ ju ti ẹja kan lọ. Ọgbọ́n ni.

Ní gúúsù ìlà-oòrùn, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà. Ẹja kan lójúmọ́ ni wọ́n ń gbà láyè níbẹ̀ láti ọdún 2009. Ní ọdún 2011 wọ́n ní kò gbọdọ̀ ju ínǹṣì 37 lọ. Àwọn ọ̀gá ọkọ̀ kígbe pé oníbàárà tí ó ti ọ̀nà jíjìn wá pẹ̀lú ìrètí ẹja ńlá kò ní ohunkóhun láti lá àlá rẹ̀ mọ́. Láti ọdún 2012 ni wọ́n ti wá lànà pé kí ẹja náà kéré ju iye kan lọ tàbí kí ó tóbi ju iye mìíràn lọ: ínǹṣì 45 sísàlẹ̀ tàbí 68 sókè lọ́dún yẹn, ínǹṣì 38 sísàlẹ̀ tàbí 80 sókè ní ọdún 2018 àti 2019. Gbogbo èyí tí ó bá bọ́ sáàárín, ẹ ó dá a padà sómi. Àárín yẹn ni àwọn abo tí wọ́n ti dàgbà pọ̀ sí jù, nítorí náà ìlànà náà ń ṣe wọ́n lóore, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdí tí wọ́n fi ṣe é ní pàtó ni láti dín àpapọ̀ ìwọ̀n kù láì pa ìrètí ẹja ńlá run.

Ṣùgbọ́n gbèdéke gígùn kò wúlò ju ọwọ́ tí ń wọn ẹja lọ. Ọ̀nà tí òfin ní kí a gbà wọ̀n ọ́n ni pé kí ẹnu ẹja pa dé, kí a bẹ̀rẹ̀ láti góńgó àgbọ̀n ìsàlẹ̀, kí a nà án tààrà dé ìparí àárín ìrù; a kò gbọdọ̀ tẹ́ okùn ìwọ̀n mọ́ ara ẹja kí ó tẹ̀lé ìtẹ̀kọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, nítorí ìyẹn a máa fi kún gígùn rẹ̀. Ọmọṣẹ́ ọkọ̀ tí ó mọ iṣẹ́ á fa ẹja dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, á gbé igi tí ó sàmì sí lé e níbi tí ó ti ń léfòó, á sì ti mọ̀ bóyá yóò wọlé tàbí yóò padà, kí ẹnikẹ́ni tó fi ìkọ́ irin gún un. Bí ó bá jẹ́ èyí tí yóò padà, á di ọ̀pá ìwọ̀ mú, á yí i, ẹja á sì já bọ́ láì fọwọ́ kan ilẹ̀ ọkọ̀. Ìwọ̀ tí ẹnu rẹ̀ ká wọnú ni ó dára jù fún èyí, torí pé igun ẹnu ni ó ń gbá mú, kì í wọ inú ọ̀fun. Àwọn onímọ̀ ẹja ti ìpínlẹ̀ Alaska máa ń ṣírò rẹ̀ pé nínú ọgọ́rùn-ún halibut tí a dá padà láti ara irú ìwọ̀ yìí, mẹ́ta sí mẹ́rin ni yóò kú. Lára àwọn ìwọ̀ mìíràn, mẹ́wàá. Gbogbo òkú wọ̀nyí ni wọ́n ń yọ nínú ìpín. Ìdí kan náà ni òfin fi ń béèrè pé kí ọkọ̀ háyà tọ́jú egungun ẹja pẹ̀lú orí àti ìrù títí ẹran rẹ̀ yóò fi dé èbúté, kí òṣìṣẹ́ ìjọba lè tún un wọ̀n.

Ọjọ́rú tí wọ́n ti omi pa ńkọ́? Ọ̀gá ọkọ̀ ni ó ń dùn jù, nítorí owó iṣẹ́ ọjọ́ kan ti lọ. Oníbàárà lè wá ní Ọjọ́bọ̀. Ti ẹja mẹ́rin lọ́dún, irú èyí tí ó wà lápá tiyín ní ọdún 2018, yàtọ̀ sí i. Ẹni tí ó bá ọkọ̀ arìnrìn-àjò wá sí Seward fún ọjọ́ kan láyé rẹ̀ kò tilẹ̀ ní mọ̀ pé òfin náà wà. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Alaska, tí ẹ sì ń lọ léraléra kí ẹja lè wà nínú fírísà nígbà òtútù, ni yóò kàn. Mo fara mọ́ gbèdéke ọdọọdún lọ́pọ̀ ìgbà, torí pé ó rọrùn láti mú ṣẹ: ẹ ó kọ ẹja kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀yìn ìwé àṣẹ yín pẹ̀lú yíǹkì lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí ń ṣe òfin mọ ẹni tí ó ń gbé ẹrù náà lé lórí.

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sọ́dọ̀ aládùúgbò yín. Ẹja tí ẹ̀yin bá mú lórí ọkọ̀ háyà, ọ̀gá ọkọ̀ ti kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ ìjọba pẹ̀lú nọ́ńbà ìwé àṣẹ yín lọ́jọ́ náà gan-an. Èyí tí aládùúgbò yín bá mú, ìwé ìbéèrè tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí díẹ̀ lára àwọn tó ra ìwé àṣẹ ni wọ́n fi ń fojú díwọ̀n rẹ̀ lẹ́yìn tí ọdún bá ti parí. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún un pé ìpín tirẹ̀ ti tán. Nígbà tí àròpọ̀ agbègbè bá já wálẹ̀, ohun tí wọ́n yọ sílẹ̀ fún ojúlé rẹ̀ kì í bá a já wálẹ̀ ní dandan, ẹ̀yin àti oníṣòwò ni ẹ ó sì ru àdínkù náà. Inú èyí ni mo rí ìrẹ́jẹ sí. Kò sí àrékérekè kankan lọ́wọ́ aládùúgbò yín. Ohun tí òfin fàyè gbà ni ó ń ṣe, ó sì ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ẹran ẹja yẹn ni ẹbí rẹ̀ ń jẹ títí ìgbà òtútù fi ń parí. Ojúlé tí kò ní iye ni ìṣòro.

Ó ṣeé ṣe láti ṣe é lọ́nà mìíràn. Ní British Columbia, láti ọdún 2012, ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún ni ti gbogbo apẹja afẹ́, ìdá márùnlélọ́gọ́rin sì ni ti àwọn oníṣòwò. Yálà o háyà ọkọ̀ tàbí o wa tìrẹ, ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kan náà ni ẹja rẹ ti ń jáde, òfin gígùn kan náà ni ó sì dè ọ́. Ní Washington, Oregon àti California, ìdá márùndínlógójì ni wọ́n kọ́kọ́ ń yà sọ́tọ̀ fún àwọn ẹ̀yà onílẹ̀ tí àdéhùn wọn pẹ̀lú ìjọba Amẹ́ríkà fún ní ẹ̀tọ́ ìpẹja, lẹ́yìn náà ni wọ́n ń pín ìyókù fún oníṣòwò àti apẹja afẹ́. Nígbà tí ìpín afẹ́ ibì kan bá tán, wọ́n á ti omi ibẹ̀ pa fún gbogbo wọn. Ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n ń rí, inú wọn kì í sì í dùn sí i, àmọ́ kò sí ẹni tí ó lè sọ pé ọkọ̀ ẹnì kejì òun kò sí nínú ìṣirò.

Alaska ti gbìyànjú láti fi owó tún ìyàtọ̀ náà ṣe. Ọ̀gá ọkọ̀ háyà lè yá lára ìpín oníṣòwò, kí oníbàárà tí ó bá san owó lé e lè mú ẹja bí ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀ ara rẹ̀. Ní òpin ọdún 2022, àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà tún fàyè gba pé kí wọ́n máa gba owó lọ́wọ́ oníbàárà ọkọ̀ háyà láti fi ra ìpín lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò tó bá fẹ́ tà, kí ó di ti gbogbo oníbàárà. Èkejì yìí tẹ́ mi lọ́rùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, torí pé ẹni tí ń tà gba owó rẹ̀, àǹfààní rẹ̀ kò sì mọ sọ́dọ̀ ọlọ́rọ̀ nìkan. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó kan ojúlé kẹta nínú méjèèjì.

Bí ó bá jẹ́ èmi ni wọ́n ní kí n kọ òfin náà, mo máa fi òkè iye kan sí ojúlé àwọn tó ń fi ọkọ̀ ara wọn pa á, kí òkè náà sì máa bá àròpọ̀ agbègbè rìn. N kò ní fi ínǹṣì 28 dè wọ́n ní ọdún tí ẹja pọ̀. Ní ọdún tí àròpọ̀ bá já wálẹ̀, mo máa fi gbèdéke ọdọọdún dè wọ́n, kí wọ́n kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé àṣẹ bí ti yín ní ọdún 2018, nítorí ó ń ṣe iṣẹ́ méjì: ó ń dín ẹja kù, ó sì ń sọ ẹja tí a kò rí di èyí tí a lè kà. Mo mọ ohun tí àwọn tí kò fara mọ́ ọn ń sọ. Wọ́n ní òṣìṣẹ́ ìjọba kò pọ̀ tó láti ṣọ́ gbogbo èbúté kékeré, wọ́n sì ní àwọn tí ebi ń pa ni yóò kọ́kọ́ jìyà. Ti àkọ́kọ́ ní òótọ́ nínú, àmọ́ òfin ẹja méjì lójúmọ́ tí ó ti wà pẹ́ náà kò ní ẹ̀ṣọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ti èkejì, láti ọdún 2003 ni ará abúlé àti ọmọ ẹ̀yà onílẹ̀ ti lè fi orúkọ sílẹ̀ láti máa pa halibut fún jíjẹ lábẹ́ òfin tí ó gbòòrò ju ti afẹ́ lọ, n kò sì ní fọwọ́ kan ìyẹn. Anchorage kò sí lára ibi tí ìjọba ń pè ní abúlé, nítorí náà kò kan ẹ̀yin àti aládùúgbò yín, àfi bí ó bá jẹ́ ọmọ ẹ̀yà onílẹ̀.

Ẹ lè bá wọn sọ ọ́. North Pacific Fishery Management Council ni ó ń dámọ̀ràn òfin ọkọ̀ háyà fún ọdún tó ń bọ̀, ìpàdé oṣù Kejìlá ni wọ́n sì máa ń ti ṣe é, èyí tí ó sábà máa ń wáyé ní Anchorage yín níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni lè kọ̀wé sí wọn ṣáájú, ẹnikẹ́ni sì lè dìde sọ̀rọ̀. Àwọn ọ̀gá ọkọ̀ háyà àti àwọn oníṣòwò kì í pa ìpàdé yìí jẹ. Oníbàárà lásán, irú yín, ni kì í sábà sí níbẹ̀. Bí ẹ bá lọ, ẹ má ṣe béèrè pé kí wọ́n fún yín ní ẹja méjì ńlá bí ti aládùúgbò yín, nítorí àròpọ̀ kò gbé e. Ẹ béèrè pé mélòó ni wọ́n yọ sílẹ̀ fún àwọn tó ń fi ọkọ̀ ara wọn pa á lọ́dún yìí, báwo ni wọ́n ṣe mọ̀, àti ìdí tí iye yẹn kò fi ń bá tiyín sọ̀ kalẹ̀.